Ẹ Ṣọ́ Ọ̀nà, Ẹ Má Fọwọ́ Kan Iye: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Yín Lórí Àbójútó Ìṣirò Ìjọba

Iye èèyàn tó wà nílùú, bí ọjà ṣe gbówó lórí sí lóṣù tó kọjá, iye ẹni tí kò ríṣẹ́ ṣe: àjọ oníṣirò ló ń kó gbogbo rẹ̀ jọ, owó ìjọba ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè kan kò fi kúrò nínú lẹ́tà yín: báwo ni ìjọba ṣe máa sanwó iṣẹ́ yìí, tí yóò sì máa bójú tó o, láì pàṣẹ ohun tí èsì gbọ́dọ̀ jẹ́? Lẹ́tà méje la mú síbí. Àwọn kan gùn, a gé wọn kúrú.

Ẹ̀yin olóòtú, mo wà lára àwọn tó ń bá àwọn aṣòfin kọ àbá òfin tuntun fún àjọ oníṣirò. Nínú òfin àtijọ́, mínísítà ló ń yan ọ̀gá àgbà, ìgbàkígbà tó bá wù ú ló sì lè yọ ọ́. Àwọn kan ní kí a kàn kọ sáà ọdún márùn-ún sí i, ọ̀rọ̀ parí. Ṣé ó tó?
*Akọ̀wé ìgbìmọ̀*

Kò tó. Iye ọdún tí ẹ bá kọ sínú òfin kò lè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀ bí ibi tó sọ̀rọ̀ nípa ìyọnípò bá ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹ wo Amẹ́ríkà. Sáà ọdún mẹ́rin ni òfin fún kọmíṣọ́nà Bureau of Labor Statistics, àjọ tó ń ka iṣẹ́ àti owó ọjà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kan náà gbà pé wọ́n lè yọ ọ́ kí sáà tó pé, kò sì ka ẹ̀ṣẹ̀ kankan tó gbọ́dọ̀ ṣẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 2025, àjọ náà gbé èsì kan jáde tó fi 258,000 dín iye iṣẹ́ tuntun tí wọ́n ti kọ́kọ́ kéde fún oṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹfà kù. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Ààrẹ Donald Trump yọ kọmíṣọ́nà, Erika McEntarfer, nípò. Kò tíì lo ọdún méjì.

Nítorí náà, ibi tí ẹ máa kọ́kọ́ tún ṣe ni ìyọnípò. Ẹ ka àwọn ìdí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ilé ẹjọ́ dá ẹni náà lẹ́bi ìwà ọ̀daràn, àìsàn kò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ mọ́, ó pa iṣẹ́ tì lọ́nà tí ìwádìí fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹ wá kọ ọ́ gbangba pé èsì tí àjọ gbé jáde, tàbí ìlànà ìṣirò tó yàn, kò lè jẹ́ ìdí. Ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́ gbọ́dọ̀ kọ ìdí sínú ìwé, kí ó gbé e síwájú ilé aṣòfin láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, kí ilé sì gbọ́ ti ẹni tí wọ́n fẹ́ yọ kí ó tó kúrò lórí àga.

Lẹ́yìn èyí ni ìyànsípò. Kí ìkéde ipò náà jáde fáyé rí. Kí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún fọ̀rọ̀ wá àwọn tó bá dù ú lẹ́nu wò, kí ó kéré tán méjì nínú wọn jẹ́ oníṣirò tí kì í gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọba. Kí wọ́n fi orúkọ méjì tàbí mẹ́ta ránṣẹ́, kí mínísítà má sì lè mú ẹni tí kò sí lára wọn. Ẹ ṣọ́ra fún gbólóhùn bí “ẹni tó ní ìrírí tó gbòòrò”, torí kò sí ẹni tí kò lè gbà á kọjá. “Ẹni tó ti darí ìwádìí ńlá tàbí ìṣirò ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè fún ọdún mẹ́wàá” ni ọ̀rọ̀ tí a lè fi wọn èèyàn.

Ní ti sáà, ẹ má jẹ́ kó bá ti ìjọba dọ́gba. Bí ìjọba bá ń lo ọdún mẹ́rin, ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà dára, kí ìyànsípò má baà máa bọ́ sí àsìkò ìdìbò ní gbogbo ìgbà.

Ọ̀nà ẹ̀bùrú kan wà tí àwọn tó ń kọ òfin sábà máa ń gbàgbé, òun la sì bẹ̀ yín pé kí ẹ dí pa: adelé. Bí ìjọba kò bá fẹ́ ọ̀gá tó lè sọ pé rárá, kò ní yan ẹnikẹ́ni. Yóò fi adelé síbẹ̀ fún ọdún méjì, adelé náà yóò sì máa fi ojú wá ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìwé ìyànsípò rẹ̀. Ẹ kọ oṣù mẹ́fà sí i. Bí oṣù mẹ́fà bá kọjá láì sí ọ̀gá tuntun, kí àṣẹ ìyànsípò bọ́ sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ alábòójútó.

Bákan náà, ẹ má fi ààbò yìí mọ sí orí ọ̀gá àgbà nìkan. Ní Ajẹntínà lọ́dún 2007, kì í ṣe ọ̀gá àgbà INDEC, àjọ oníṣirò ibẹ̀, ni ìjọba kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Olórí ẹ̀ka tó ń ṣírò owó ọjà, Graciela Bevacqua, ni wọ́n mú kúrò. Láti ìgbà náà ni èsì ìgbówólórí ọjà tí ìjọba ń kéde ti ń sọ̀ kalẹ̀ ju ohun tí àwọn aráàlú ń rí lọ́jà, wọ́n tún bu owó ìtanràn lé àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó ṣe ìṣirò tiwọn. Nígbà tó di oṣù Kejì ọdún 2013, àjọ IMF, tó ń yá àwọn orílẹ̀-èdè lówó, bá orílẹ̀-èdè náà wí ní gbangba nítorí èsì wọ̀nyí, wọn kò sì yí ìbáwí náà padà títí di ọdún 2016. Ẹ kọ ọ́ sí òfin pé ọ̀gá àgbà àjọ nìkan ló lè gbé olórí ẹ̀ka kúrò níbi kan sí ibòmíràn.

Òfin tí ẹ lè fi ṣe àwòkọ́ṣe ni ti Kánádà tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2017. Ó fún ọ̀gá oníṣirò ní sáà ọdún márùn-ún, a kò lè yọ ọ́ láì sí ìdí, bí mínísítà bá sì pàṣẹ nípa ètò ìṣirò, àṣẹ náà gbọ́dọ̀ hàn sí gbogbo èèyàn. Ohun tó fà á ni ti ọdún 2010. Ìjọba ìgbà náà sọ ìwé ìbéèrè gígùn inú ètò ìkànìyàn di ti ẹni tó bá wù, wọ́n sì mú kó dà bíi pé àjọ oníṣirò fara mọ́ ọn. Ọ̀gá àjọ náà, Munir Sheikh, kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ìdá 69 nínú 100 ló dáhùn nígbà tí wọ́n ṣe é lọ́dún 2011, nígbà tó jẹ́ pé ó lé ní 93 lọ́dún 2006. Àwọn ìlú kéékèèké tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan kò ní èsì tó ṣeé gbé jáde.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn mí sínú ìgbìmọ̀ alábòójútó àjọ oníṣirò. Àwọn kan lára wa ní a gbọ́dọ̀ máa dìbò lórí iye ìgbówólórí ọjà kó tó jáde, torí àwa ni aráàlú máa bi. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?
*Ọmọ ìgbìmọ̀ tuntun*

Rárá o. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n jọ̀wọ́ fi ìyẹn sílẹ̀. Ìdìbò wà fún ohun tí èèyàn lè yàn. A kì í yan iye ìgbówólórí ọjà, wíwọ̀n là ń wọ̀n ọ́.

Ilẹ̀ Gíríìsì ti fi ojú rí ohun tí àṣìmọ̀ yìí lè dá sílẹ̀. Lọ́dún 2009, ìjọba ibẹ̀ kọ́kọ́ sọ pé iye tí ìnáwó ọdún náà fi ju owó tó wọlé lọ kò tó ìdá 4 nínú 100 ọrọ̀ ajé. Lẹ́yìn ìdìbò gbogboogbò, ó di ohun tó ju 12 lọ. Wọ́n dá àjọ tuntun kan sílẹ̀ lọ́dún 2010, ELSTAT, Andreas Georgiou sì gba ipò olórí rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ. Nígbà tí ìṣirò parí ní oṣù Kọkànlá, iye náà jẹ́ 15.4, àjọ oníṣirò Yúróòpù sì gbà á wọlé láì ní iyèméjì. Síbẹ̀, wọ́n gbé Georgiou lọ sílé ẹjọ́. Lọ́dún 2017, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a lẹ́bi, wọ́n fún un ní ẹ̀wọ̀n ọdún méjì tí wọ́n so rọ̀ (kò ní wọ ẹ̀wọ̀n àfi bó bá tún ṣẹ̀), nítorí pé kò gbé iye náà síwájú ìgbìmọ̀ kí wọ́n dìbò lé e. Bẹ́ẹ̀, ìlànà ìṣirò Yúróòpù sọ ọ́ kedere pé olórí àjọ nìkan ni ìpinnu lórí ọ̀nà ìṣirò, ohun tó máa jáde àti ìgbà tó máa jáde wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí wá ni iṣẹ́ yín? Ó pọ̀, ó sì le ju ìdìbò lọ. Ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ sí ètò iṣẹ́ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún àti ìnáwó rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni nínú àjọ kò fẹ́ kí wọ́n béèrè. Ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí àwọn ohun wọ̀nyí wà lórí tábìlì, kí ó sì jẹ́ nọ́ńbà, kì í ṣe ìròyìn oníwèé gígùn: nínú ìwádìí ńlá kọ̀ọ̀kan, ẹni mélòó ló dáhùn nínú ọgọ́rùn-ún, mélòó ni ní irú àkókò yìí lọ́dún tó kọjá? Ipò mélòó ló ṣófo láàárín àwọn tó ń lọ láti ilé dé ilé? Ìlànà ìṣirò wo ni wọ́n yí padà, ta ló pinnu rẹ̀, ibo ni wọ́n kọ ìdí sí? Ta ló rí èsì kó tó jáde? Àṣìṣe wo ni wọ́n tún ṣe, ṣé àjọ fúnra rẹ̀ ló rí i àbí ará ìta ló ké sí wọn? Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì gidigidi. Bí ó bá jẹ́ pé ará ìta ló ń rí ọ̀pọ̀ nínú àṣìṣe wọn, àyẹ̀wò inú ilé kò ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ẹ tún wo ara yín. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje sí mẹ́sàn-án tó, kí ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti ìta. Ó yẹ kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta wà tó ti fọwọ́ ara wọn darí ìwádìí rí, ẹnìkan tó mọ ètò kọ̀ǹpútà ńlá, ẹnìkan tó mọ àyẹ̀wò owó, àti àwọn tó ń lo èsì náà lójoojúmọ́. Kí aṣojú ilé-iṣẹ́ ètò ìnáwó má ṣe alága. Ìṣirò àjọ ni wọ́n fi ń díwọ̀n iṣẹ́ tirẹ̀.

Akọ̀ròyìn ni mí. Lẹ́ẹ̀mejì ni mínísítà ti ń fọ́nnu lórí èsì àìríṣẹ́ṣe kó tó jáde. Ọ̀gá àjọ sọ pé òfin gba ìjọba láàyè láti rí i ṣáájú. Ṣé òótọ́ ni?
*Olùkà wa*

Ó lè jẹ́ òótọ́, torí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ń jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan rí èsì ṣáájú kí wọ́n lè múra ìdáhùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan. Ní Bìrìtéènì, wákàtí mẹ́rìnlélógún ni wọ́n ń fún wọn tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2017 ni àjọ oníṣirò ibẹ̀, ONS, ti fòpin sí i fún èsì tirẹ̀, ìjọba kò sì wó.

Níbi tí wọn kò bá tíì lè fòpin sí i, kí wọ́n dín in kù díẹ̀díẹ̀: orúkọ ènìyàn ni kí ó wà lórí ìwé, kì í ṣe orúkọ ọ́fíìsì, kí olúkúlùkù fọwọ́ síwèé pé òun kò ní sọ ọ́, kí àjọ gbé ìwé orúkọ náà sójú íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú èsì. Orúkọ tó bá ti hàn sí gbogbo ayé kì í pẹ́ dínkù. Ohun tí ẹ lè béèrè ní ọ̀la ni kàlẹ́ńdà ìtẹ̀jáde. Ọjọ́ àti wákàtí tí èsì kọ̀ọ̀kan máa jáde gbọ́dọ̀ ti wà níta láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Bí wọ́n bá sún ọjọ́ kan síwájú láì kọ ìdí, ẹ kọ ìyẹn sínú ìròyìn yín.

Òṣìṣẹ́ àjọ oníṣirò ni mí, ó lé lọ́dún mẹ́rìnlá. Iye ẹni tó ń dáhùn ìwádìí wa ń já wálẹ̀, àwa tó wà nísàlẹ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìròyìn bá fi máa dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá, gbogbo rẹ̀ ti di “ó ń lọ dáadáa”. Kí la lè ṣe?
*Ẹni tó ń ka ilé*

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Ìbéèrè yìí ló wúwo jù nínú gbogbo lẹ́tà, torí òfin tó dára jù lọ láyé kò lè gba àjọ tí kò fẹ́ gbọ́ ìròyìn burúkú.

Ohun tí ẹ sọ yìí ti ṣẹlẹ̀ ní àwọn àjọ tí gbogbo ayé ń wárí fún. Ní Bìrìtéènì, iye ẹni tó ń dáhùn ìwádìí ilé-dé-ilé tí wọ́n fi ń mọ iye àìríṣẹ́ṣe já wálẹ̀ títí, lọ́dún 2023 ó ti tó bíi ìdá 17 nínú 100. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, ONS dá ìtẹ̀jáde rẹ̀ dúró. Báńkì àgbà ilẹ̀ náà ń pinnu èlé owó láì mọ iye àìríṣẹ́ṣe dájú. Robert Devereux ni ìjọba ní kó wá ìdí rẹ̀, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2025. Kò dá àìlówó tàbí òfin lẹ́bi jù. Ó ní àjọ náà fúnra rẹ̀ ló fa èyí tó pọ̀ jù: wọ́n ń lépa ohun tuntun tó ń dán, wọ́n ń pa iṣẹ́ tó jẹ́ òpó ilé tì, ètò ìnáwó wọn kò gún, àwọn tó wà lókè kò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó korò kí wọ́n ṣe nǹkan sí i.

New Zealand náà nìyẹn. Ètò ìkànìyàn ọdún 2018 gbára lé íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì dín àwọn tó ń lọ láti ilé dé ilé kù. Iye ẹni tó dáhùn jẹ́ ìdá 83 nínú 100, nígbà tó jẹ́ pé 92 ni lọ́dún 2013. Èsì àkọ́kọ́ kò jáde títí di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019. Inú àkọsílẹ̀ ìjọba mìíràn ni wọ́n ti mú nǹkan bí ìdá 11 nínú 100 àwọn èèyàn tí wọ́n kà, èsì nípa àwọn ẹ̀yà (iwi) tó wà láàárín àwọn Māori, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, kò sì dára tó láti gbé jáde. Ọ̀gá àjọ, Liz MacPherson, gba ẹ̀bi náà, ó sì kúrò nípò.

Kí la rí kọ́ nínú méjèèjì? Àkọ́kọ́ ni pé àwọ̀ pupa (ewu ti dé), àwọ̀ òféèfèé (ẹ ṣọ́ra) àti àwọ̀ ewé (ó ń lọ dáadáa) tí wọ́n ń fi sí ìròyìn iṣẹ́ kì í sọ òótọ́ bí ó bá jẹ́ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà ló ń kun ún. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni tó kun pupa. Ẹ pinnu àlà ṣáájú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí nọ́ńbà fúnra rẹ̀ máa yan àwọ̀. Bí àpẹẹrẹ: bí iye ẹni tó dáhùn bá fi 3 nínú 100 wálẹ̀ sí ti oṣù kan náà lọ́dún tó kọjá, òféèfèé ni, bí ó bá fi 6 wálẹ̀, tàbí tí ipò àwọn tó ń ka ilé bá ṣófo ju ìdá 15 nínú 100 lọ, pupa ni. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún, pupa gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ alábòójútó pẹ̀lú nọ́ńbà tó fà á, kò sì sí ọ̀gá àárín tó lè tún àwọ̀ rẹ̀ kùn. Àwọn àlà tí a kọ síbí kì í ṣe òfin. Ẹ fi ìtàn ìwádìí tiyín yan tiyín, ṣùgbọ́n ẹ yàn án ṣáájú.

Èkejì, àpapọ̀ máa ń bo ojú ọgbẹ́. Ìwádìí kan lè fi ìdá 60 nínú 100 hàn lápapọ̀, kí ti àwọn ọ̀dọ́kùnrin inú ìlú ńlá sì jẹ́ 30. Iye àpapọ̀ kò ní sọ fún yín pé àwọn tí ẹ kò rí gan-an ni ẹ ń wá. Ẹ pín in sí agbègbè, ọjọ́ orí, àti irú ilé.

Ẹ̀kẹta, kí ẹnìkan tí iṣẹ́ náà kò sí lábẹ́ rẹ̀ ní agbára láti sọ pé “ẹ dúró”. Nínú iṣẹ́ ńlá bí ìkànìyàn, ó yẹ kí ó kéré tán mẹ́ta wà nínú irú ibi ìdúró bẹ́ẹ̀: lẹ́yìn ìdánwò kékeré, lẹ́yìn ìdánwò tí gbogbo nǹkan ti rí bíi ti ọjọ́ náà gan-an, àti nígbà tó bá ku oṣù mẹ́fà. Bí ìdánwò kejì bá fò nítorí àkókò, ẹ má tẹ̀ síwájú.

Ní ti ọ̀gá: iṣẹ́ méjì ni wọ́n sábà ń gbé lé ẹnìkan lórí. Ọ̀kan ni kí ó darí ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́, kọ̀ǹpútà àti owó. Èkejì ni kí ó jẹ́ onídàájọ́ lórí ìlànà ìṣirò, kí ó sì gbẹnu sọ fún ìṣirò ní gbogbo ìjọba. Devereux dábàá pé kí Bìrìtéènì pín in sí méjì. A fara mọ́ ọn fún àjọ ńlá. Àjọ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó ẹgbẹ̀ta kò nílò rẹ̀; igbákejì tó mọ ètò iṣẹ́ dáadáa, tí ó sì lè lọ bá ìgbìmọ̀ alábòójútó láì gba àṣẹ, ti tó.

Ní ti ẹ̀yin fúnra yín, ẹ máa kọ nọ́ńbà sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n lè sọ pé àwọn kò gbọ́.

Àjọ wa máa ń tún èsì ọrọ̀ ajé ṣe lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn aráàlú ní irọ́ là ń pa. Ṣé kí a má kúkú dúró títí yóò fi pé?
*Láti ẹ̀ka ọrọ̀ ajé*

Ẹ má dúró. Èsì tó pé lẹ́yìn ọdún méjì kò wúlò fún ẹni tó fẹ́ ṣe ìpinnu lónìí. Àwọn àjọ tó ń ṣe iṣẹ́ wọn dáadáa náà ń tún èsì ṣe. Ti Amẹ́ríkà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, àwọn ilé-iṣẹ́ àti ọ́fíìsì ìjọba tó tó nǹkan bí 121,000 ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ wọn lóṣooṣù. Gbogbo wọn kì í tètè dáhùn, nítorí náà wọ́n máa ń tún iye náà ṣe lẹ́ẹ̀mejì bí ìdáhùn ṣe ń wọlé, kí wọ́n tó tún fi àkọsílẹ̀ owó orí wọ̀n ọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Ẹ kàn ya ohun méjì sọ́tọ̀. Àtúnṣe tí ẹ ti sọ ọjọ́ rẹ̀ ṣáájú jẹ́ ara iṣẹ́. Àṣìṣe yàtọ̀ sí i: ẹ kéde rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ rí i, ẹ kọ ohun tó fà á, iye àtijọ́ àti iye tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ má sì rọra pààrọ̀ fáìlì lóru. Kí tábìlì kan wà lójú íntánẹ́ẹ̀tì yín tó ń fi èsì àkọ́kọ́, èkejì àti ẹ̀kẹta hàn fún ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Bí àtúnṣe bá ń lọ sókè nígbà mìíràn tó sì ń lọ sísàlẹ̀ nígbà mìíràn, ara dá. Bí gbogbo ìgbà ló ń lọ sí apá kan ṣoṣo, nǹkan kan wọ́ nínú ìlànà yín, iṣẹ́ ìgbìmọ̀ alábòójútó sì ni láti béèrè ohun tó wọ́ ọ.

Àjọ oníṣirò wa dára. Àwọn iye tó ń wá láti ilé-iṣẹ́ ìlera àti ti ẹ̀kọ́ ló ń dẹ́rù bà mí. Ta ló ń ṣọ́ ìyẹn?
*Olùkọ́ tó fẹ̀yìntì*

Lọ́pọ̀ ibi, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ, ẹ̀rù tó bà yín sì tọ́. Níbi tí wọ́n bá ti ń pín owó fún ilé ẹ̀kọ́ gẹ́gẹ́ bí iye ọmọ tó wà nínú rẹ̀, iye ọmọ máa ń wú. Àwọn olùkọ́ kò burú ju ẹlòmíràn lọ. Ẹni tó ń kà á náà ló ń gba owó rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àjẹsára bí wọ́n bá ń san owó orí abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Kí ilé-iṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan ní olórí oníṣirò kan tí ọ̀gá àgbà àjọ oníṣirò fọwọ́ sí ìyànsípò rẹ̀, tó sì lè kọ̀wé sí i tààrà bí wọ́n bá ń tì í. Òun ni kí ó sọ ọjọ́ ìtẹ̀jáde. Kí ẹ̀ka ìròyìn mínísítà má sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí wọ́n fi iye inú àkọsílẹ̀ wé iye tí ìwádìí ilé-dé-ilé rí. Bí ilé-iṣẹ́ ẹ̀kọ́ bá ní ọmọ 100 wà nílé ẹ̀kọ́ tí àwọn ìyá wọn sì sọ pé 85 ni, kí àlàfo 15 náà jáde nínú ìwé kan náà, ní ojú ewé kan náà.

Olùyẹ̀wò náà gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó ń ṣe é. Bìrìtéènì dá Office for Statistics Regulation sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí lọ́dún 2016; ó lè kọ̀wé ní gbangba sí mínísítà tó bá ṣi ìṣirò lò. Kò lè fìyà jẹ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n lẹ́tà gbangba máa ń dun olóṣèlú ju owó ìtanràn lọ. Àdéhùn ìṣirò ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2009, tó sì di òfin lọ́dún 2015, àti ìlànà mẹ́wàá tí Àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè fi ọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2014 náà ní kí àwọn àjọ oníṣirò ṣàlàyé fún aráàlú bí wọ́n ṣe rí iye tí wọ́n kéde. Ẹ béèrè.

Wọ́n gé owó wa ní ìdá 20 nínú 100. Ilé-iṣẹ́ ètò ìnáwó ní kí a gé ìdá 20 kúrò lára iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kó lè kárí. Ṣé ọgbọ́n ni?
*Olùdarí ètò*

Kì í ṣe ọgbọ́n. Ẹ máa ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, kò sì ní sí ẹni tó máa rí i títí yóò fi pẹ́ jù. Bí ẹ bá gé iye ilé tí ẹ ń ṣe ìwádìí níbẹ̀ sí ìdajì, àlàfo àṣìṣe yóò fi nǹkan bí ìdá 41 nínú 100 pọ̀ sí i. Lápapọ̀ orílẹ̀-èdè, ó lè ṣeé fara dà. Ní ti agbègbè kọ̀ọ̀kan, iye yẹn lè di aláìwúlò pátápátá. Ẹni tí ẹ máa gé kúrò lára àwọn tó ń ka ilé kò tún ní rọrùn láti rí padà, ọdún méjì ni ó máa ń gbà kí ẹlòmíràn tó mọ agbègbè bí i.

Ẹ kọ gbogbo ìtẹ̀jáde yín sórí ìwé kan, pẹ̀lú owó tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà àti òfin tàbí ìpinnu tó gbára lé e. Ẹ fi àwọn tó jẹ́ òpó sókè: ìkànìyàn, owó ọjà, ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè, iṣẹ́, ìbí àti ikú. Ẹ wá dá àwọn tó wà nísàlẹ̀ dúró pátápátá, ní gbangba, kí ẹ kọ orúkọ wọn àti ìdí. Kí owó ìkànìyàn máa dá dúró nínú ètò ìṣúná fún ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, torí bí ẹ bá dà á pọ̀ mọ́ owó ọdọọdún, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ gé ní ọdún tí ìkànìyàn kò sí.

Ìgbìmọ̀ alábòójútó ló sì yẹ kó gbé ìwé náà lọ síwájú ilé aṣòfin, kì í ṣe ẹ̀yin. Ní Gúúsù Áfíríkà lọ́dún 2020, ìgbìmọ̀ tó ń gba àjọ oníṣirò nímọ̀ràn kéde pé àwọn máa kọ̀wé fipò sílẹ̀ bí ìjọba kò bá fi owó tó sínú iṣẹ́ náà. Ẹ bi ìgbìmọ̀ tiyín, kí ẹ tó gé ilé kan ṣoṣo kúrò, iṣẹ́ wo ni wọ́n máa fi orúkọ ara wọn dúró fún.